Gbin Ewébẹ̀, Má Gbin Igi

Ọjọ́ Àìkú, 14 Nòfẹ́ńbà 1982

Mo ra ìwé yìí lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì lónìí. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo fi kọ nǹkan sójú pátákó fún ọmọ ọlọ́mọ, ó tó àkókò kí n kọ díẹ̀ fún ara mi.

Bàbá Ambrose, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ní kí n dúró lẹ́yìn ìsìn. Oṣù mẹ́ta péré lẹ́yìn tí a sin ọkọ mi, Bàbá Lábísí, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ti dé. Ó ní Olúyọmí, àbúrò àwọn, fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí ẹ̀yìnkùlé wa, nítorí ibẹ̀ wà lásán. Mo ní kò wà lásán, ọkọ mi sọ ọ́ lórí ibùsùn àìsàn pé Lábísí ni yóò ni ín. Ó rẹ́rìn-ín.

"Lábísí kẹ̀? Ọmọ kan ṣoṣo, obìnrin. Ṣebí ulé ọkọ ló ń lọ."

Mo bi í bóyá wọ́n máa ń gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń fi í dáko. Ó yí fìlà rẹ̀ sọ́tùn-ún, ó yí i sósì.

"Ó dáa. Gbin ewébẹ̀ sí i. Ewébẹ̀ ni mo wí, ohun tí kì í pẹ́ nílẹ̀. Má gbin igi. Ẹni tó gbin igi ló nilẹ̀, o sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kejì Àjíǹde, nígbà tí gbogbo wa bá pé, bí a bá bá ibẹ̀ ní tútù, kó máa wà lọ́wọ́ rẹ. Bí a bá bá a ní gbígbẹ, kí Olúyọmí máa kọ́ ilé rẹ̀."

Láti Nòfẹ́ńbà dé Épírì. Ẹ̀ẹ̀rùn gbáko ló wọ̀n fún mi. Ẹni tó bá pe bàbá yìí ní arúgbó lásán, ara rẹ̀ ló ń tàn.

Sátidé, 20 Nòfẹ́ńbà

Mo ti ṣán gbogbo rẹ̀ tán. Ìgbésẹ̀ méjìdínlọ́gbọ̀n ní gígùn, mẹ́tàdínlógún ní ìbú. Àtẹ́lẹwọ́ mi ti bó. Sàlímọ́tù aránṣọ, tí ògiri kan ṣoṣo là wá láàárín, bá mi ru ìgbẹ́ adìẹ apẹ̀rẹ̀ mẹ́fà, ó sì fún mi ní irúgbìn tẹ̀tẹ̀ tí ìyá rẹ̀ fi ránṣẹ́ láti Àfọ̀. Mo pò ó mọ́ yanrìn kó má baà ṣù síbì kan, mo fọ́n ọn sórí ebè. Ilá àti ata wà lápá òkè, ṣọkọ àti gbúre wà nísàlẹ̀ níbi tí omi ilé ìwẹ̀ ń ṣàn gbà. Mo fi imọ̀ ọ̀pẹ bò ó nítorí oòrùn.

Olúyọmí ń kọjá, ó kí mi kú iṣẹ́, ó sì ń fi ojú wọn ilẹ̀ náà bí aránṣọ ṣe ń wo àyà ẹni. Lójú rẹ̀, Akọ̀wé ni mo ń pè é. Ìyàwó ilé kì í pe àbúrò ọkọ lórúkọ. Inú ìwé yìí nìkan ni mo ti lè pè é ní Olúyọmí, ó sì ń dùn mọ́ mi.

Ọjọ́ Ẹtì, 3 Dìsẹ́ńbà

Tẹ̀tẹ̀ ti yọ, ó pupa wẹ́wẹ́ lórí ilẹ̀. Mo dúró wò ó títí omi gbígbóná tí mo gbé kaná fi gbẹ tán.

Sátidé, 11 Dìsẹ́ńbà

Ewúrẹ́ Bàbá Ambrose mẹ́ta wọlé, wọ́n jẹ ebè mẹ́jọ kanlẹ̀. Mo lọ fẹjọ́ sùn. Ó ní ewúrẹ́ kì í kàwé. Bí tíṣà kò bá fẹ́ kó wọlé, kí tíṣà ṣọgbà.

Ibi tí mo ti lè rí oparun ni Ùpẹnmẹ̀n, n kò sì ní ẹni tí yóò bá mi rù ú. Olúyọmí ló gbà mí. Ó ń tún ẹ̀gbẹ́ ilé ìyá rẹ̀ ṣe, ó ti gé pèrègún àtijọ́ tó wà níbẹ̀ dànù, ó sì ti ń jẹ oòrùn láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Èèpo rẹ̀ ti hunjọ, ewé kan kò sí lórí rẹ̀ mọ́. Mo bi í bóyá mo lè kó o.

"Ẹ kó gbogbo ẹ̀, Màmá Lábísí. Igi ìdáná lásán ni."

Ó tiẹ̀ bá mi ru ìdì méjì dé ẹ̀yìnkùlé. Mo rì wọ́n mọ́lẹ̀ yí ká, mo sì fi okùn so imọ̀ ọ̀pẹ mọ́ wọn. Igi mẹ́tàlélọ́gọ́fà. Mo súre fún un dáadáa. Ewúrẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró lóde ọgbà, wọ́n ń wò mí bí ẹni tí a jẹ ní gbèsè.

Sátidé, 25 Dìsẹ́ńbà

Ọyẹ́ ti la ètè gbogbo ìjọ, a kò lè rẹ́rìn-ín Kérésìmesì. Lábísí wá láti Akúrẹ́ pẹ̀lú búrẹ́dì àti bàtà tuntun fún mi. Ó wo ọwọ́ mi, ó ní, "Màmá, ẹ wá máa bá mi gbé. Ẹ fi ilẹ̀ fún wọn." Mo ní bàbá rẹ̀ kò fi nǹkan mìíràn sílẹ̀ fún un. Ó ní òun kò béèrè nǹkan kan. Mo bínú sí i, mo sì mọ̀ pé kò ṣẹ̀ mí.

Ọjọ́ Àìkú, 9 Jánúárì 1983

Kànga ti ń fa ẹrẹ̀. Ẹ̀rọ omi kò sun láti ìgbà ọdún. Ọkọ̀ omi ìjọba dé àdúgbò lánàá pẹ̀lú gbohùngbohùn lórí, ó bu ààbọ̀ bọ́kẹ́ẹ̀tì fún ilé kọ̀ọ̀kan, ó sì fi wákàtí kan sọ ẹni tó yẹ ká dìbò fún. Bí ọ̀rọ̀ bá ń mú ewébẹ̀ hù ni, ilá mi ì bá ti ga ju ṣọ́ọ̀ṣì lọ.

Omi tí mo fi wẹ̀, omi tí mo fi fọ ìrẹsì, omi tí mo fi ṣan ẹnu pàápàá, ìdí ata ni mo ń dà á sí. Mo lu ìdí agolo mílíìkì ní ihò mẹ́sàn-án, ìdí ewé nìkan ni mo ń ro ó sí. N kò fún ilẹ̀ lásán ní ẹ̀kán kan.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18 Jánúárì

Garawa mẹ́rìnlá láti odò. Ẹ̀yìn mi ń pariwo.

Sátidé, 5 Fẹ́búárì

Ìyàwó Olúyọmí da omi ọṣẹ gba orí ọgbà sórí ebè ata mi. Ó ní òun kò rí i pé nǹkan wà níbẹ̀. Ní Ọ̀wọ̀ yìí, gbogbo wa la mọ ìdí tí Olorì Ọrọnṣẹn ayé àtijọ́ fi bínú sá kúrò nílé ọkọ: wọ́n ṣe èèwọ̀ rẹ̀, wọ́n lọ ilá lójú rẹ̀, wọ́n sọ ìtì igi kalẹ̀, wọ́n da omi sí àgbàlá. Òun ni wọ́n ṣì ń bẹ̀ lọ́dọọdún. Èmi tí wọ́n da omi ọṣẹ lé lórí, mo ní, "Kò burú, aya wa," mo sì wú ata márùn-ún tó kú.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 22 Fẹ́búárì

Oko ń jó. Láti àná ni èéfín ti ń bọ̀ láti ọ̀nà Ùpẹnmẹ̀n, oòrùn pọ́n bí epo. Wọ́n ní kòkó tí ẹlòmíràn ti fi ogún ọdún tọ́jú jó tán ní ọ̀sán kan. Mo rí ọkùnrin àgbà kan ní ibùdókọ̀ tó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tó ń sunkún, kò sì sẹ́ni tó lè sọ fún un pé kó dìde.

Eérú ń já bọ́ sórí ewébẹ̀ mi. Eérú dára fún kòkòrò tó ń jẹ ṣọkọ, nítorí náà mo gbá a jọ, mo sì wọ́n ọn káàkiri. Eérú oko ẹlòmíràn ni. Ojú tì mí, ṣùgbọ́n n kò dá ọwọ́ dúró.

Gàárì kóńgò kan ti kúrò ní ọgọ́rin kọ́bọ̀, ó ti di náírà kan ààbọ̀.

Sátidé, 12 Máàṣì

Kò sí ibòmíràn tí ewé tútù wà ní gbogbo àdúgbò yìí mọ́. Láti àárọ̀ ni abọ́ ti ń wá. Abọ́ ìyá aláṣọ, abọ́ àlùfáà, abọ́ Sàlímọ́tù tó ń ràn mí lọ́wọ́ nínú omi, ìyẹn tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n abọ́ ilé Bàbá Ambrose ń wá lójoojúmọ́, ó sì ń padà ní kíkún. Bí n kò bá fún wọn, wọ́n á ní mo láhun. Bí mo bá fún wọn, wọ́n ń jẹ ẹ̀rí mi. Mo sọ ọ́ fún Sàlímọ́tù, ó rẹ́rìn-ín títí abẹ́rẹ́ fi gún un lọ́wọ́.

Ọjọ́ Àìkú, 27 Máàṣì

Ọ̀sẹ̀ kan ló kù. Tata ti sọ ewé ilá di asẹ́. Mo ń fọwọ́ mú wọn láàárọ̀ nígbà tí ìyẹ́ wọn ṣì wúwo fún ìrì. Mo pa mọ́kànlélọ́gọ́rin kí n tó lọ gba imọ̀ ọ̀pẹ mi ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ọjọ́ Ajé, 4 Épírì

Gbogbo wọn pé. Wọ́n tò lọ sẹ́yìnkùlé pẹ̀lú agbádá ọdún lọ́rùn. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà. Gbogbo ilẹ̀ ìlú yìí gbẹ bí awọ, tèmi tutù. Tẹ̀tẹ̀ dé orúnkún. Ata pọ́n. Bàbá Ambrose já ilá kan, ó fọ́ ọ sí méjì, ó gbọ́ bó ṣe ró.

"Ìyàwó ti ṣe é," ni ó wí. "Ẹ̀ẹ̀rùn yìí kò fi ojú rere wo ẹnikẹ́ni, ó ṣe é. Kó máa wà lọ́wọ́ rẹ̀."

Mo wọ yàrá lọ, mo ti ilẹ̀kùn, mo fi ìrọ̀rí dí ẹnu, mo sì rẹ́rìn-ín. Mo sọ fún àwòrán Bàbá Lábísí pé ilẹ̀ ọmọ rẹ̀ ń bẹ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 19 Épírì

Òjò! Láti agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ títí di mẹ́fà. Èmi tí mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta dúró sínú rẹ̀ títí bùbá mi fi lẹ̀ mọ́ mi lára. Sàlímọ́tù ń pariwo lójú fèrèsé pé kí n wọlé kí òtútù má pa mí. Mo ní kó pa mí.

Sátidé, 30 Épírì

Gbogbo nǹkan ló ń hù. Ṣọkọ ti di igbó. Ọgbà pàápàá ti rú ewé: igi tí mo rì ní Dìsẹ́ńbà, tó gbẹ kanringbọn, gbogbo rẹ̀ ló ń yọ ọ̀mùnú láti orí dé ìdí. Ó rẹwà lójú mi. Mo tú imọ̀ ọ̀pẹ gbígbẹ kúrò lára wọn kí wọ́n lè rí afẹ́fẹ́.

Sátidé, 7 Méè

Mo bá Olúyọmí lẹ́yìnkùlé láàárọ̀. Kò wo ewébẹ̀. Ó ń tẹ̀ lé ọgbà lọ ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ó ń fọwọ́ kan igi kọ̀ọ̀kan, ẹnu rẹ̀ ń mì. Ó ń kà wọ́n.

"Màmá Lábísí," ni ó wí, "ẹ ti pààlà."

Ó yé mi lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ṣé èmi náà ni? Èmi tí mo ti ń rí pèrègún lẹ́nu ààlà oko láti ìgbà tí mo ti ń rìn, ní Ọ̀yọ́ bàbá mi àti níhìn-ín? Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ̀ pé pèrègún kì í kú bọ̀rọ̀, òun sì ni a fi ń sọ fún ayé pé ibí ni tèmi dé. Ewúrẹ́ nìkan ló wà lójú mi. Igi ìdáná ni ó pè é, igi ìdáná ni mo rì.

Mo sáré lọ bá Sàlímọ́tù. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká fà á tu kíákíá kó tó lọ pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀." A bẹ̀rẹ̀ sí í fà á. Òjò ti fún un ní gbòǹgbò, a ń fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀ bí ẹni ń jìjàkadì. A ti fa mọ́kànlá tu nígbà tí Bàbá Ambrose dé. Ó wo ihò mọ́kànlá náà, ó wo ẹrẹ̀ ọwọ́ mi.

"Ẹni tí kò jalè," ni ó wí, "kí ló ń gbé pamọ́?"

Ọjọ́ Àìkú, 8 Méè

Ọdún mẹ́rìnlélógún ni Bàbá Ambrose ti ń sọ fún mi pé, "Ìyàwó, ghá jókòó." Lónìí ó ní, "Ẹ wá jókòó, ìyá Lábísí." Láti ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ẹjọ́ ti tán. Wọ́n ń sọ Ọ̀wọ̀ ponbele láàárín ara wọn, wọ́n sì ń fi Yorùbá inú ìwé bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni pé àárọ̀ yìí ni mo sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ Ọ̀yọ́. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Mo ti ń gbọ́ ọ kí a tó bí Lábísí.

Ó ní, kí ni wọ́n ń fi pèrègún ṣe? Mo ní, ààlà. Ó ní, ta ló ń pààlà? Mo ní, onílẹ̀. Bí mo ṣe máa ń bi ọmọ kíláàsì kẹta léèrè ló ṣe ń bi mí, èmi náà sì ń dáhùn bí ọmọ tó mọ̀wé.

"A ní kí ẹ má gbin igi kan," ni ó wí. "Ẹ gbin mẹ́tàlélọ́gọ́fà."

Mo ní igi gbígbẹ ni mo rì mọ́lẹ̀, nítorí ewúrẹ́ òun fúnra rẹ̀. Mo ní Akọ̀wé ló kó o fún mi, òun ló ní igi ìdáná ni. Gbogbo ojú yí sí i. Ó wo bàtà rẹ̀. Ó ní òun kò rántí.

Mo dìde. Mo ní, "Olúyọmí, ìwọ kò rántí? Ìwọ tí o ru ìdì méjì lórí ara rẹ?"

Ìyàwó rẹ̀ fi ọwọ́ bo ẹnu. Lẹ́yìn náà gbogbo wọn figbe ta pé mo pe ọkọ mi lórúkọ, mo tún fi ìwọ bá a sọ̀rọ̀, láàárín ìdílé, ní ọjọ́ Olúwa. Ìyẹn ni wọ́n bínú sí jù. Kò sẹ́ni tó béèrè mọ́ bóyá òótọ́ ni mo sọ. Wọ́n ní kí n kúnlẹ̀, mo kúnlẹ̀. Wọ́n ní ilẹ̀ di ti Olúyọmí, kí n kó ewébẹ̀ mi kí Sátidé kejì tó pé.

Mo ti rò ó títí. Ní Dìsẹ́ńbà, bóyá kò mọ̀ọ́mọ̀. Ní Méè, ó mọ̀ọ́mọ̀.

Ọjọ́rú, 11 Méè

Mo kọ lẹ́tà sí Lábísí lẹ́ẹ̀mẹta, mo ya mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kí ni mo fẹ́ wí? Pé bàbá rẹ̀ fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún un, pé ọyẹ́ kò gbà á, iná kò gbà á, tata kò gbà á, ọwọ́ ara mi ni mo fi rì í nù? Ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé laṣeni ń gbé. Mo ti kọ́ àwọn ọmọ ní òwe yẹn tó ìgbà ogún, mo sì máa ń fún ẹni tó bá mọ ìtumọ̀ rẹ̀ ní máàkì márùn-ún.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 17 Méè

Sàlímọ́tù kò wá láti ọjọ́ Àìkú. Lónìí ó wá, kò lè jókòó. Hàmídù ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ bíríkìlà, ni Olúyọmí gbé iṣẹ́ ìpìlẹ̀ fún. Ó ní òun bẹ ọkọ òun pé kó má gbà á. Ó ní láti ìgbà tí oko ti jó kò sẹ́ni tó ń kọ́lé, ilé àwọn sì fẹ́ jẹun. Mo ní kó sọ fún Hàmídù pé kó wa ìpìlẹ̀ náà jìn dáadáa, ilẹ̀ apá ìsàlẹ̀ rọ̀, mo ti da omi sí i púpọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Èmi kò sun tèmi, ojú mi gbẹ.

Sátidé, 21 Méè

Hàmídù àti àwọn lébìrà mẹ́rin dé ní agogo méje. Bàbá Ambrose ránṣẹ́ sí mi lórí oúnjẹ. Nígbà tí wọ́n bá ń wa ìpìlẹ̀ nínú ilé, ìyàwó tó dàgbà jù ló ń dáná fún òṣìṣẹ́, èmi náà sì ni. Mo rò pé wọ́n á fò mí dá lọ́tẹ̀ yìí. Wọn kò fò mí dá.

N kò tà lára ewébẹ̀ náà. Mo wọ inú ọgbà kí ṣọ́bìrì tó dé ibẹ̀, mo já gbogbo rẹ̀: tẹ̀tẹ̀ apẹ̀rẹ̀ mẹ́rin, ṣọkọ mẹ́ta, gbúre, ata rodo kún agbada. Láti ìgbà tí mo ti ń dáná n kò rí ewé tó sàn bẹ́ẹ̀ rí, ó nípọn, ó ń dán, kòkòrò kan kò jẹ ẹ́. Mo fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Mo fi irú sí i, mo fi ẹja gbígbẹ sí i, mo fi epo tó dára. Mo fẹ́ sè é burúkú, ọwọ́ mi kò gbà.

Wọ́n jókòó sórí òkìtì iyẹ̀pẹ̀ tí wọ́n wú, wọ́n fi ẹ̀bà jẹ ẹ́. Hàmídù kò gbójú sókè. Olúyọmí wá láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ àtijọ́, ó bu tirẹ̀, ó jókòó sórí àga tí Bàbá Lábísí máa ń jókòó sí, ó jẹ ẹ́ tán, ó lá ìka.

"Màmá Lábísí," ni ó wí, "ẹ̀fọ́ yìí dùn o. Ẹ bá mi bù sí i."

Mo bù sí i.